Oríkì Ilé Ọkọ Mi, Nínú Ìwé Ilé Ẹjọ́

Nílé wa ní Ìkìrun, àwọn ìyàwó ilé ló mọ oríkì ilé jù. Ọmọ bíbí inú ilé lè máà rí ju ìlà mẹ́ta sọ, ṣùgbọ́n ìyàwó tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀ á ki ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ débi tí orí gbogbo ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ á fi wú. Ìyá mi mọ oríkì ilé bàbá mi ju bàbá mi fúnra rẹ̀ lọ. Èmi wá lọ fẹ́ òyìnbó Amẹ́ríkà, mo bí ọmọ méjì fún un ní Virginia. Bí mo bá fẹ́ ki àwọn ọmọ náà, ti ilé ìyá wọn nìkan ni mo mọ̀. Tó bá kan ti bàbá wọn, ẹnu mi á wọhò. Ohun tó gbé mi dé ilé ẹjọ́ Staunton nìyẹn.

Ìyá ọkọ mi ní Bíbélì ńlá kan tó fi aṣọ tábìlì wé sínú àpótí. (Èmi kì í pe orúkọ rẹ̀ bí àwọn ìyàwó ọmọ rẹ̀ yòókù ṣe máa ń ṣe. Màmá ni mo ń pè é, ó sì ti mọ́ ọn lára.) Láàárín Májẹ̀mú Láéláé àti Májẹ̀mú Tuntun ni ojú ewé tí wọ́n kọ orúkọ ẹbí sí wà. Ẹni tó ṣíwájú níbẹ̀ ni ọkùnrin kan tí wọ́n ní ó ti Ireland wá, tó sì kú sójú ìjà pẹ̀lú àwọn Íńdíà, ìyẹn àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní Oṣù Kejìlá 1742. Èyí tó wà lẹ́nu Màmá tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta ló jọ wọ ọkọ̀ ojú omi, ọ̀kan gba àríwá lọ, ọ̀kan gba gúúsù, wọn ò gbúròó ẹ̀kẹta mọ́. Mi ò ní kọ orúkọ ọkùnrin náà síbí, torí àwọn tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé yẹn ṣì wà káàkiri. Bàbáńlá ni n ó máa pè é.

Mo gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Ta ni yóò bá Bíbélì jiyàn? Ó tó ọdún kan kí n tó ronú àtiṣí iwájú Bíbélì náà wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́: 1838. Mo tún padà sójú ewé orúkọ. Tàdáwà kan náà ni, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, láti orí ẹni tí wọ́n ní wọ́n bí ní 1709 títí dé orí ọmọ tí wọ́n bí ní 1836. Ẹnì kan ló jókòó lọ́jọ́ kan, tó kọ ohun tí wọ́n ti sọ fún un sílẹ̀. Ìyẹn ò sọ ọ́ di irọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ kò fojú kan Bàbáńlá rí, bí èmi náà ò ṣe fojú kàn án. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó ka ohun tí ìwé kan sọ, mo kọ́kọ́ ń béèrè ẹni tó kọ ọ́, ìgbà tó kọ ọ́, àti bóyá ó ṣojú rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ bí àwọn èèyàn wọ̀nyí ṣe dé àárín òkè yẹn. Ní àwọn ọdún 1730, àwọn ẹlẹ́sìn Presbyterian láti Ulster, ní àríwá Ireland, ń sọ̀ kalẹ̀ ní Philadelphia. Ilẹ̀ Pennsylvania ti ń wọ́n jù wọ́n lọ, wọ́n bá gba ọ̀nà tó la àárín òkè já lọ sí gúúsù, títí wọ́n fi wọ Àfonífojì Shenandoah. Gómìnà Virginia fẹ́ kí wọ́n wá. Ó fẹ́ kí wọ́n dúró bí ọgbà láàárín àwọn olóko tábà tó wà lápá òkun àti àwọn Faransé pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ tó wà lódì kejì òkè. Ìjọba fún Benjamin Borden ní 92,100 éékà lọ́dún 1739, òun náà sì ń gé e tà. Ẹni tó bá kọ́ ahéré kan síbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí 100 éékà, ó sì lè rà kún un.

Ìdílé ọkọ mi máa ń sọ pé ilẹ̀ ṣófo ni wọ́n bá. Ìyẹn kò wọ̀ mí létí rárá. Ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ wá yẹn, ọ̀nà ogun àti ọ̀nà ọdẹ àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ ni kí òyìnbó tó dé. Ọ̀nà kì í la igbó já fúnra rẹ̀. Ọdún 1744 ni Virginia tó bá àwọn Iroquois, tí wọ́n wà lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ náà, ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ náà ní Lancaster, nígbà tí Bàbáńlá ti ń roko níbẹ̀.

Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ ni ilé ẹjọ́ Lexington, torí ibẹ̀ ni oko náà bọ́ sí lónìí, ní káúńtì Rockbridge (káúńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa). Mi ò rí nǹkan kan nípa rẹ̀, ó sì dùn mí. Èmi tí mo ti Ọ̀ṣun wá ló yẹ kí n tètè mọ̀. Ilé bàbá mi ní Ìkìrun wà ní Western State, ó di ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1976, ó di ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 1991, bẹ́ẹ̀ ilé náà kò kúrò lójú kan. Bí oko Bàbáńlá ṣe rí náà nìyẹn. Káúńtì Orange ló wà títí di 1745, tí ilé ẹjọ́ Augusta, èyí tó wà ní Staunton, fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó wà ní Augusta títí wọ́n fi gé Botetourt kúrò lára rẹ̀ ní 1770. Lọ́dún 1778 ni wọ́n wá dá Rockbridge sílẹ̀. Oko kan, ilé ẹjọ́ mẹ́rin. Àwọn ìwé kì í sì í bá ilẹ̀ lọ sí káúńtì tuntun, ibi tí wọ́n ti kọ wọ́n ni wọ́n ń wà. Ẹni tí yóò bá wá èèyàn ní ìgbèríko Amẹ́ríkà àtijọ́, kó kọ́kọ́ ya àwòrán ààlà káúńtì lọ́dọọdún. Èmi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná.

Kí n tó mọ ìyẹn, mo ti fi oṣù mẹ́jọ ṣòfò. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí àwòrán igi ìdílé tó lé ní ogún tí gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà: Bàbáńlá kú ní 1742, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló ń ra ilẹ̀ káàkiri ní Augusta lẹ́yìn náà, ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí wọ́n kọ “Junior” sí lára, ló kó lọ sí North Carolina. Mo ní ogún èèyàn kò lè jọ ṣìnà. Àṣé ẹnì kan ló kọ́kọ́ ṣìnà, tí àwọn yòókù ń dà á kọ. Mo tẹ̀lé “Junior” yìí dé káúńtì Rowan, mo ka ìwé ilẹ̀ rẹ̀, mo ka ìwé ìhágún rẹ̀, mo tiẹ̀ ti ń kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Kò sí nǹkan kan tó so òun àti ìdílé ọkọ mi pọ̀. Láyé ìgbà yẹn, bí ọkùnrin méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan bá wà ní káúńtì kan, ẹni tó dàgbà jù ni “Senior”, ẹni tó kéré jù ni “Junior”, wọn ì báà má tan rárá. Bí ọ̀kan bá kú tàbí tó kó lọ, “Junior” àná lè di “Senior” lónìí.

Ohun tó tú ìdì náà kò ju ọjọ́ kan lórí ìwé lọ. Nínú ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ Orange, Oṣù Kejì 1742, wọ́n dárúkọ Bàbáńlá mọ́ àwọn tí yóò la ọ̀nà kan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọjá. Ó wà láàyè ní Oṣù Kejì, ó kú ní Oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ó bá ìtàn Màmá mu. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní ilé ìkówèésí ló wo ìwé mi láti ẹ̀yìn, tó ní, “Ọmọ mi, oṣù wo ni ọdún ń bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn?”

Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Títí di 1752, ọjọ́ 25 Oṣù Kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù Kejìlá 1742 ló ṣáájú, Oṣù Kejì 1742 ló tẹ̀ lé e. Bàbáńlá tí wọ́n ní ó kú ní Oṣù Kejìlá ń la ọ̀nà lẹ́yìn oṣù méjì. Ìjà náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ o. Captain John McDowell àti àwọn kan nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kú níbẹ̀, orúkọ Bàbáńlá sì wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ogun McDowell ti ọdún yẹn. Àwọn tó wá lẹ́yìn ló so méjèèjì pọ̀: ó wà nínú ẹgbẹ́ ogun náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kú, òun náà ti kú nìyẹn.

Bí ẹni tó kú kò bá kú, a jẹ́ pé “ọmọ” tó ń ra ilẹ̀ lè jẹ́ òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀rí ni mo wá ń wá kiri.

Ìwé ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ bá, ó sì fẹ́ẹ̀ tún ṣì mí lọ́nà. Mo rí i pé lọ́dún 1750, wọ́n fi 300 éékà háyà fún un fún ọdún kan ní ṣílè márùn-ún, owó háyà rẹ̀ sì jẹ́ hóró ata kan ṣoṣo bí wọ́n bá béèrè. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé tálákà ni, pé ó háyà kó tó rà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ìwé méjì ni wọ́n máa ń ṣe fún ilẹ̀ kan nígbà náà. Lónìí, onílẹ̀ á fi háyà fún un. Lọ́la, á wá jọ̀wọ́ ilẹ̀ náà fún un títí láé, ní iye tí wọ́n ti dúnàádúrà sí. Ọgbọ́n òfin lásán ni, kí ilẹ̀ lè kọjá lórí ìwé láìjẹ́ pé ẹlẹ́rìí ń lọ dúró lórí ilẹ̀. Ojú ewé kejì ni iye owó gan-an wà, èmi ò sì ṣí i.

Nínú ìwé ilẹ̀ yìí kan náà, ọwọ́ kan ló kọ gbogbo rẹ̀, títí kan ibi tí wọ́n ti buwọ́ lù ú. Ọwọ́ akọ̀wé ilé ẹjọ́ ni. Ó gba ìwé lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ó dà á kọ, ó sì dá tiwọn padà fún wọn. Tó o bá fẹ́ rí ọwọ́ ẹni tó o ń wá, àfi kó o wá àwọn bébà tó kù sínú fáìlì ilé ẹjọ́: ìwé onígbọ̀wọ́, ìwé gbèsè, ìwé ìhágún tí wọ́n mú wá lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Wọ́n gbé àpótí kan fún mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Bébà náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, wọ́n ká a ní ìlọ́po mẹ́ta, etí rẹ̀ ti di àwọ̀ obì gbígbẹ. Ìwé gbèsè ni, ti ọdún 1746. Nísàlẹ̀, akọ̀wé kọ orúkọ Bàbáńlá, ó fi àlàfo sílẹ̀ láàárín orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Nínú àlàfo yẹn, ẹnì kan tí kò mọ̀wé kọ fi gègé tẹ ìlà mẹ́ta tó pàdé nídìí, bí ẹsẹ̀ adìyẹ nínú erùpẹ̀. Tàdáwà ti pọ̀ jù nídìí ìlà àárín, ó ti tú dà síta díẹ̀. Ó tẹ gègé náà mọ́lẹ̀ gidi. Mo ṣí ìwé ìhágún 1767, èyí tí gbogbo wọn ní ọmọ rẹ̀ ló ni ín. Ẹsẹ̀ adìyẹ kan náà ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó kàn ń gbọ̀n ni, bí ọwọ́ aláìsàn. “Junior” tó lọ sí Carolina ní tirẹ̀ mọ̀wé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ gbọọrọgbọ. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀. Mi ò mọ ìdí tí ẹkún fi gbọ̀n mí, èmi tí n kì í ṣe ọmọ rẹ̀.

Síbẹ̀, àmì kan kì í ṣe ẹ̀rí tó tó. Ohun tó fi ọkàn mi balẹ̀ pátápátá ni àwọn aládùúgbò rẹ̀. Òfin Virginia ní lẹ́yìn ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, kí àwọn ará àdúgbò jọ rìn yí ààlà oko wọn ká, kí wọ́n tún àmì ara igi ṣe kí ó má baà pa rẹ́. Páríìṣì, ìyẹn ìjọ àdúgbò, ló ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ìwé páríìṣì Augusta láti 1746 sì wà síbẹ̀. Bàbá mi máa ń mú wa lọ sóko lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ wo pèrègún tí wọ́n fi pààlà, òun àti onílẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wa á jọ tọ̀ ọ́ láti igi dé igi. Igi óákù funfun ni tiwọn. Mo to orúkọ àwọn tó bá Bàbáńlá rìn ààlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn tí wọ́n ní kí ó bá la ọ̀nà ní Orange. Mẹ́rin nínú wọn bára mu. Méjì nínú mẹ́rin yìí ló tún ṣe ẹlẹ́rìí sí ìwé ìhágún rẹ̀. Orúkọ lè jọ orúkọ, ṣùgbọ́n agbo èèyàn kan náà kì í yí ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ká fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n.

Ìwé ẹjọ́ ni kẹ́ ẹ máa kà bẹ́ ẹ bá ráyè, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀. Ilé ìkówèésí Virginia ní Richmond ti gbé púpọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ẹjọ́ lórí ilẹ̀ Borden ni mo ti ka ẹ̀rí Mary Greenlee, arábìnrin Captain John McDowell, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé síbẹ̀. Lọ́dún 1806 ni wọ́n pè é, ó sì ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ahéré láti fi gba ilẹ̀. Wọ́n bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ní òun pé 95, ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n rò pé òun ti ń ṣarán ni. Ìyá àgbà bí ìyá àgbà wa. Ìkànnì ìtàn ìdílé tí wọ́n ń pè ní FamilySearch náà ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ń ka ìwé ọwọ́ àtijọ́ fúnra rẹ̀, ó sì ń gbé orúkọ ẹni jáde láti àárín ìwé ẹlòmíràn, níbi tí ó ti ṣe ẹlẹ́rìí tàbí tó jẹ gbèsè. Atọ́ka àtijọ́ kò ní irú ìyẹn, ẹni tó tà àti ẹni tó rà nìkan ló wà níbẹ̀. Àmọ́ ó máa ń ṣì í kà. “Jno” ni wọ́n máa ń kọ fún John, kì í ṣe Jonathan.

Ìyàwó Bàbáńlá kò sí nínú Bíbélì. Orí ìwé 1765 ni mo ti rí orúkọ rẹ̀, nígbà tí ọkọ rẹ̀ tà lára ilẹ̀. Tí ọkọ bá ń rà, wọn kì í dárúkọ ìyàwó. Tó bá ń tà, ìyàwó ní ẹ̀tọ́ sí ìdá mẹ́ta ilẹ̀ bí ọkọ bá kú, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda. Àwọn adájọ́ pè é sí kọ̀rọ̀, níbi tí ọkọ rẹ̀ kò ti lè gbọ́, wọ́n bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ń fi ipá mú un. Ó ní rárá. Ìdáhùn kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu rẹ̀ láyé nìyẹn. Ìyàwó ilé bíi tèmi ni.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ yẹn, mo gbé ọmọ mi ọkùnrin lé ẹsẹ̀, mo kì í fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ti ilé bàbá rẹ̀: ọmọ a-tẹ-ẹsẹ̀-adìyẹ-síwèé, ọmọ oníhóró-ata-kan-lowó-háyà, ọmọ a-jà-nílé-McDowell-má-kùú. Ọkọ mi kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè kúrò níbẹ̀.

Ìwé ìṣirò dúkìá ló kù. Lẹ́yìn ikú Bàbáńlá, àwọn aládùúgbò mẹ́ta wá díye lé ohun tó ní. Mo ń kà á lọ: ẹ̀rọ ìrànwú, Bíbélì àtijọ́ kan, àwo mẹ́fà, abo ẹṣin pupa. Lẹ́yìn ẹṣin náà, kí wọ́n tó kan àgùntàn, ìlà kan wà fún obìnrin dúdú kan àti ọmọ rẹ̀. Wọn ò kọ orúkọ. Iye owó wọn ju ti gbogbo ẹran ọ̀sìn oko náà lọ.

Mo pa ìwé náà dé, mo jáde lọ jókòó sínú mọ́tò. Mo ti mọ̀ pé irú ìyẹn wà. Nínú ìwé ilẹ̀ kan náà ni mo ti pàdé Edward Tarr, alágbẹ̀dẹ dúdú tó ra òmìnira ara rẹ̀, tó sì ra 270 éékà ní Timber Ridge lọ́dún 1754, lẹ́bàá ọ̀nà ńlá yẹn. Ní 1761, wọ́n tún fẹ́ sọ ọ́ di ẹrú, ó fi ìwé rẹ̀ hàn, ilé ẹjọ́ dá a láre. Inú mi dùn débi pé mo ti ń fi tirẹ̀ bo ti àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkì ilé wa kì í fi nǹkan pa mọ́. Ó ń dárúkọ ogun, ó ń dárúkọ gbèsè, ó ń dárúkọ ẹrú. Bí mo bá máa ki àwọn ọmọ mi, mi ò lè fo ìlà yẹn.

Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún Màmá. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, mo sì ti kọ́kọ́ gba ikú akọni lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ka ìwé náà fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò fo nǹkan kan. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó wá ní, “Kí ni wọ́n ń pè é?” Mo rò pé ìyàwó Bàbáńlá ló ń béèrè, mo sì dárúkọ rẹ̀. Ó ní, “Rárá, obìnrin yẹn. Ìyá ọmọ yẹn.”

Ó ní kí n gbé Bíbélì wá. Ó fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ ìyàwó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbáńlá, ó fa ìlà sórí “1742”, ó kọ “1767” sókè rẹ̀, ó sì ní kí n kọ ọjọ́ òní àti orúkọ èmi àti òun sétí ewé náà, kí ẹni tó bá kà á lọ́jọ́ iwájú mọ ẹni tó kọ ọ́.

Láyé ìgbà yẹn, bí wọ́n bá kó ọmọdé ẹrú dé, wọ́n máa ń mú un lọ síwájú ilé ẹjọ́, kí àwọn adájọ́ wo ojú rẹ̀, kí wọ́n sọ iye ọdún rẹ̀, torí láti ọmọ ọdún 16 ni olówó rẹ̀ yóò máa san owó orí lé e lórí. Wọ́n máa ń kọ orúkọ olówó, wọ́n máa ń kọ orúkọ tí wọ́n fún ọmọ náà. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, mo ń padà lọ sí Staunton. Ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ 1750 ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, torí wọn kì í kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sínú atọ́ka.